Ìdajì Eré Ń Bẹ Lẹ́nu Òǹwòran: Ìtàn Òṣèré àti Agbo Rẹ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ẹni tí ó bá gbéra láti Òṣogbo, tí ó kọjú sí ìhà Ọ̀fà, tí kò sì kánjú, yóò kọ́kọ́ bá Ìkìrun láàárín àwọn òkè rẹ̀, yóò kọjá ní Ìnísà, kò sì ní tíì rẹ̀ ẹ́ púpọ̀ tí yóò fi wọ Òkukù, ìlú Olókukù, ní ilẹ̀ tí odò Ọ̀tìn ń bomi rin. Ìhà yìí ni ọkọ̀ ojú irin gbà lẹ́yìn tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ìhà yìí kan náà ni àwọn òṣèré gbà, àwọn tí wọ́n di aṣọ, ìlù, igi àti kanfáàsì sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì, tí wọ́n sì ń fi ẹnu lásán ṣe eré tí a kò kọ sínú ìwé kankan. Orúkọ àwọn òṣèré náà kò ṣàjèjì sí wa, a sì ti kí wọn kú iṣẹ́ títí. Ẹni tí a kì í sábà kí ni ẹnì kejì wọn, ẹni tí ó jókòó lórí àga onígi tàbí tí ó fẹ̀yìn ti ògiri, tí ó sanwó kí ó tó wọlé, tí ó sì tún bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Ìtàn tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, òǹwòran kì í ṣe àlejò nínú eré. Ìdajì eré ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ kí òṣèré tó wọ ìlú.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé kò tíì tú, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton wà lálejò lọ́dọ̀ Aláàfin Májọ̀tú, ikú bàbá yèyé, Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláàfin ní kí wọ́n wá wo ìran. Àwọn tí wọ́n wọ àpò bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jáde, wọ́n jó, wọ́n sì ta òkìtì; lẹ́yìn náà ni òjòlá ńlá kan yọ láti inú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ya ẹnu bí ẹni tí yóò gbé ọmọ ènìyàn mì. Ṣùgbọ́n ìkẹta ni ó gba agbo náà kan. Àpò kan dúró gangan lójú agbo, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, ọrùn funfun yọ, títí tí ènìyàn tínínrín kan tí ó funfun báláú fi jáde, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, tí ó ń fín áṣáà, tí ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tí ó sì ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ lásán rí. Òyìnbó ni. Ẹ̀rín bú. Àwọn èrò kò sì fi mọ sí ẹ̀rín nìkan: wọ́n yíjú sí Clapperton fúnra rẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá ó rí i bí eré náà ti dára tó, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn ayaba ń dá orin, gbogbo agbo sì ń gbè é.

Mo ti ka ìtàn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi kan náà ni ọkàn mi sì máa ń dúró sí. Òṣèré ti wo ẹni tí ó jókòó, ó sì ti ṣe eré lé e lórí; àwọn èrò ti rí ohun tí òṣèré ń ṣe, wọ́n sì fa ẹni tí a ń sín jẹ wọnú eré kí ó wá ṣe adájọ́ ara rẹ̀. Ta ni ó ṣe eré ọjọ́ náà tán? Ẹni tí ó wà nínú àpò nìkan kọ́. A máa ń sọ pé ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà; nínú agbo eré Yorùbá, ariwo ọjà gan-an ni òṣèré ń wò.

Àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń pidán báyìí ní ìtàn tiwọn, tí wọ́n ń tọ́ padà sí ìdílé Ológbojò àti sí Ẹ̀sà Ògbín tí a fi orúkọ rẹ̀ pe iwì tí wọ́n ń ké. Egúngún ni wọ́n, ṣùgbọ́n egúngún tí ń rìn tí ó sì ń jó kiri ni wọ́n, ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní alárìnjò. Bí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú láàárín àwọn ọdún 1830, tí èrò ń ṣàn wá sí ìhà gúúsù, àwọn ọ̀jẹ̀ bá wọn ṣàn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá kì í ṣe ilẹ̀ tí ó tòrò. Ìkìrun ni ogun Jálumi ti jà ní ọdún 1878, nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kọlu àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Àwọn ará Òkukù kó ilé kó ọ̀nà lọ sí Ìkìrun nígbà náà, wọ́n sì ṣe àtìpó níbẹ̀ títí gbogbo ogun ayé ìgbà náà fi túká ní ọdún 1893. Ẹni tí ó bá ti bá aládùúgbò gbé láàárín ogun bẹ́ẹ̀ yóò mọ oríkì aládùúgbò rẹ̀. Yóò mọ ìgbà tí wọ́n ń kì í, yóò sì mọ̀ bí ẹni tí ń kì í bá fo ibì kan. Mo gbà pé láti inú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni etí òǹwòran ẹkùn yìí ti mú.

Kò sí ibi tí a ti lè rí i ju inú ilé lọ, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber, òyìnbó obìnrin tí ó wá sí Òkukù ní ọdún 1974 tí ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, fi ìwé ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 1991 hàn pé ọwọ́ àwọn obìnrin ilé wọ̀nyẹn ni ìtàn ìlú wà, nínú oríkì tí wọ́n ń kì ní ìgbà ìyàwó, ní ìgbà òkú, ní ìgbà ọdún. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú wọn níwọ̀n bí ojú ti lè tó o. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, ó sì ń kì baálé náà láti orí baba ńlá rẹ̀ bọ̀. Àlejò kan yọ lẹ́nu géètì, ọmọ agboolé mìíràn. Obìnrin náà kò dúró kí ó parí gbólóhùn tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára baálé, ohùn rẹ̀ ti gbà sí ilé àlejò náà, ó ti ń pè é ní ọmọ ẹni tí ó bí baba rẹ̀. Àlejò náà dúró. Orí rẹ̀ wú. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó lórí àpótí, tí ó ń bó ẹ̀gúsí, tí a rò pé kò fetí sí wọn, gbé orúkọ kan tí obìnrin náà gbàgbé sọ sí i láìgbé ojú sókè, obìnrin náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ wàrà, ó fi kún tirẹ̀, ó ń bá a lọ. Bí àlejò náà kò bá wá, ọ̀nà mìíràn ni oríkì ọjọ́ náà ì bá gbà. Bí ìyá tí ń bó ẹ̀gúsí kò bá sí nílé, ihò kan ì bá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè sanwó wọ ibi eré kí ó sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí eré orí ìtàgé ti òde òní wá dé, kò bá ilẹ̀ òfìfo. Hubert Ògúndé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ni ó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní ọdún 1944, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sí títì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òṣogbo wá di ìsun iṣẹ́ yìí ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olùkọ́ tí ó di òṣèré, fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1962, eré Ọba Kò So sì jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ti àwọn méjèèjì yìí ni ayé òyìnbó mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí mo ń wí yìí, ẹlòmíràn ní Òṣogbo kan náà ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́, Alàgbà Oyin Adéjọbí.

Ẹsẹ̀ Alàgbà Adéjọbí kò pé láti ìgbà èwe wọn, inú ìyà náà ni wọ́n sì ti yọ ìtàn Orogún Adédigba, èyí tí ó sọ bí ìjọ̀wú inú ilé olórogún ṣe lè sọ ọmọ ọlọ́mọ di arọ. Wọ́n mú Kúyè láti inú ìwé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní orúkọ kan náà, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ òrukàn tí kò lè sọ̀rọ̀ yìí máa rìn kiri ilẹ̀ Yorùbá. Lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, tí ó ṣí ní ọdún 1959, wọ́n jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú Kóòtù Aṣípa, níbi tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ti ń rojọ́ tẹnu wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, wọn kò fún òṣèré ní ìwé tí yóò há sórí. Wọn a sọ ìtàn náà fún ẹgbẹ́, wọn a pín ẹni tí yóò jẹ́ baálé, ẹni tí yóò jẹ́ ìyálé, ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀rẹ́ òfófó, wọn a sọ ibi tí ìran kan yóò gbà bọ́ sí òmíràn, lẹ́yìn èyí olúkúlùkù a wá ọ̀rọ̀ fún ẹnu ara rẹ̀. Karin Barber kan náà, tí ó ti kọ́ èdè wa ní Òkukù, bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn ó sì bá wọn ṣeré. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ni wọ́n kọ mẹ́ta nínú àwọn eré náà sílẹ̀ láti ẹnu àwọn òṣèré, Kúyè, Láníyọnu àti Ọ̀nà Ọlá, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1994. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé eré ti dúró sójú kan. Kò dúró rí. Eré kan náà tí a gbọ́ ní ìlú méjì kì í bára mu ní gbólóhùn sí gbólóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú alẹ́ kan nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná, ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú tí owó kòkó kò sì tíì tán lápò àwọn baba wa. Ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn ti máa ń dé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, onílù wà nínú rẹ̀. Wọn a yí ìlú ká láti ọjà dé ibùdókọ̀, wọn kì í sì í kọjá níwájú ààfin láìlu ìlù fún ọba. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé a sì máa ṣẹ́jú sí kanfáàsì tí wọ́n ya ilé olówó sí. Ẹlẹ́pà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà. Àwọn ìyá pọn ọmọ wọlé, àwọn ọmọ tí kò lówó sì gun fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án lù, kò sí ohun kan. Ó di mẹ́wàá kí orin ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gilíì tó sọ. Kò sí ẹni tí ó bínú, nítorí agbo ti ń ṣe eré tirẹ̀ kí òṣèré tó jáde: wọ́n ti kí ara wọn, wọ́n ti yẹ aṣọ ara wọn wò, wọ́n ti sọ ẹni tí ó bá ẹni wá.

Baálé inú eré jáde, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ilé ọba tó jó…” Ó sì dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé ẹwà ló bù sí i. Òṣèré náà mọ ìyókù òwe náà dáadáa. Ó fi í sílẹ̀ fún wọn ni, bí a ti ń fi ìdajì obì lé ẹni tí a fẹ́ bá mulẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ẹnu ti ya. Ìyálé búburú a bu oògùn sínú ọbẹ̀ ọmọ orogún rẹ̀, ọmọ náà a na ọwọ́ sí àwo, àwọn obìnrin tí wọ́n wà níwájú a sì kígbe pé, “Má jẹ ẹ́! Má jẹ ẹ́ o!” Òṣèré tí kò gbọ́n a ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Èyí tí ó gbọ́n a dá ọwọ́ àwo dúró, a kọjú sí wọn, ọwọ́ a wà ní ìbàdí: “Ẹ̀yin wo? Ta ló pè yín sí ọ̀rọ̀ ilé wa? Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ sílé fún ọkọ mi?” Ilé a dàrú. Àwọn kan a máa ṣépè, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín, ìyá kan a dìde pé òun mọ ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò òun, tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Òṣèré náà ti gbọ́. Bí wọ́n bá dé Ìnísà ní ọjọ́ kejì, gbólóhùn ti àná a ti di ara eré. Ìgbẹ̀yìn tí ìyá náà sọ ní Ìkìrun lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn tí ìyálé náà yóò ní ní Òkukù. Ọmọ Ìnísà tí ó ń pàtẹ́wọ́ kò mọ̀ pé ará Ìkìrun kan ni òun ń pàtẹ́wọ́ fún. Báyìí ni eré ṣe ń sanra lójú ọ̀nà, tí èyí tí kò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀rẹ̀ fi ń di èyí tí ń gbé òru mì.

Ojú àti etí ni iṣẹ́ òṣèré, ẹnu ni ó kẹ́yìn wọn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bí agbo náà bá ti ń rẹ̀, kí ó gé ìran kúrú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rín tí ó ṣì ní omi nínú, kí ó tún un fún. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sọ̀rọ̀ kùbákùngbé láti ẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ ní èsì tí yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́ láìbà wọ́n nínú jẹ́, nítorí pé wọ́n ti sanwó, wọn yóò sì tún sanwó bí ó bá padà wá. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé wí pé eré tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe eré pípé, pé ọ̀nà àtilọ sí eré gidi lásán ni. N kò lè gbà. Ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn òṣèré tí ń wọ ìbòjú ń fi ìlà ìtàn díẹ̀ ṣe eré láìsí ọ̀rọ̀ tí a há sórí, gbogbo Yúróòpù sì kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Ní Gánà láti ìgbà òṣèré Bob Johnson, àti ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní concert party ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn èrò sì ń wọ orí ìtàgé lọ lẹ owó mọ́ òṣèré tí ó bá wù wọ́n níwájú orí. Bí ó bá sì ṣe pé eré asán ni, kí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń bẹ̀rù tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ògúndé dúró ní ọdún 1964 lórí eré Yorùbá Ronú, tí ó fi di ọdún 1966 kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀? Èrò tèmi ni pé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òṣèré kò dẹ́rù bà wọ́n tó ohun tí wọ́n mọ̀ pé agbo yóò fi dáhùn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ sílẹ̀ kò gùn láti sọ, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Sinimá ló kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀gá: Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tẹ̀lé e ní ọdún 1982, owó tí ó wà nínú rẹ̀ sì mú kí gbọ̀ngàn ìlú kékeré dà bí ẹrù wúwo. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n gógó dé. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti já owó náírà sílẹ̀, epo ọkọ̀ gbówó lórí, àtúnṣe ọkọ̀ gbówó lórí, ẹni tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún ìdílé rẹ̀ kò lè ra méjì mọ́; ẹ̀rù olè sì mú kí ènìyàn má fẹ́ rin òru. Fídíò wá parí rẹ̀. Ògúnmọ́lá ti kú ní ọdún 1973, Ládiípọ̀ ní ọdún 1978, Ògúndé ní ọdún 1990. Àwọn òṣèré tí ó kù kò ṣíwọ́. Wọ́n wọ inú àpótí lọ ni, àwọn kan nínú wọn sì ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn ni wọ́n ṣì ń sọ níbẹ̀, ìwé kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kìkì pé iwájú ẹ̀rọ tí kì í dáhùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá rìn ní agboolé kan ní Òkukù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ ó bá àwọn ìyá àgbà níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ọmọ-ọmọ sùn lé wọn nítan. Nínú fíìmù náà, ọmọbìnrin kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti pèsè májèlé dè é. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. “Má wọlé o, ọmọ mi. Padà. Padà lẹ́yìn!” Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ó sì wọlé. Ìyá náà yíjú sí àwọn tí ó jókòó tì í. “Ẹ gbọ́ bí mo ti sọ fún un,” ni ó wí.